Bí a ṣe ń jùmọ̀ ka Bíbélì kí a lè súnmọ́ Ọlọ́run

Lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ń pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì àti nínú ilé wa. Àwọn tó ń wá síbẹ̀ mọ ìtàn inú Bíbélì bí ẹni mowó, wọ́n á ka Orin Dáfídì 23 fún yín láì wòwé. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé kí ni Ọlọ́run bá wọn sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, púpọ̀ nínú wọn ni kò ní mọ ohun tí wọn yóò wí. Iṣẹ́ mi ni láti máa darí irú ìpàdé yìí, kí n sì máa kọ́ àwọn tó ń darí rẹ̀. Ohun tí mo ń bá pàdé jù ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn yòókù ń ṣe àmín. Ìwàásù nìyẹn. Ìwàásù dára, ó sì ní àkókò tirẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìpàdé ìkẹ́kọ̀ọ́ wà kí olúkúlùkù tó jókòó síbẹ̀ lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ dá Ọlọ́run lóhùn. Níbi tí a bá ti ń ṣe é báyìí ni mo ti ń rí i tí àárín ènìyàn àti Ọlọ́run ń dán mọ́rán sí i.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjọ àkọ́kọ́ ṣe ń gba ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Inú ilé ni wọ́n ti ń pàdé: ilé Fílémónì, ilé Nímfà, ilé Ákúílà àti Pírísílà. Bí lẹ́tà Pọ́ọ̀lù bá dé, ẹnì kan á kà á sókè, gbogbo ilé á gbọ́. Nínú èyí tó kọ sí àwọn ará Kólósè, orí 3 ẹsẹ 16, gbogbo ìjọ ló sọ fún pé kí ọ̀rọ̀ Kristi máa gbé inú wọn lọ́pọ̀lọpọ̀, kí wọ́n máa kọ́ ara wọn, kí wọ́n sì máa gba ara wọn níyànjú. Kò dá iṣẹ́ náà dá alàgbà kan.

Ẹni tó bá ń dá ka Bíbélì nìkan lè fi ọdún púpọ̀ rìn yí ká àwọn orí tó fẹ́ràn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìbùkún bá ń dùn mọ́ á máa ṣí ibẹ̀, ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà á máa ka Orin Dáfídì 35. Tí ẹ bá jókòó pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, opó tó wà láàárín yín á gbọ́ ohun kan nínú ìtàn Náómì, opó inú Ìwé Rúùtù, tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè kò lè gbọ́, ọmọkùnrin náà á sì béèrè ohun kan tí kò wá sí opó náà lọ́kàn rí. Ọlọ́run tí ẹ̀ ń wá tóbi ju ibi tí ojú ẹnì kan mọ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ibì kan ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣe é. Ìhìn Rere Máàkù orí 10, láti ẹsẹ 35 dé 52, ni mo máa ń mú fún ẹgbẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn méjì ló wà níbẹ̀. Jákọ́bù àti Jòhánù, àwọn ọmọ Sébédè, wá bá Jésù, wọ́n ní àwọn fẹ́ kó ṣe ohunkóhun tí àwọn bá béèrè. Ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń fẹ́ kí òun ṣe fún wọn. Wọ́n ní kí ọ̀kan jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, kí èkejì jókòó lọ́wọ́ òsì, nínú ògo rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n dé Jẹ́ríkò, tí Bátíméù afọ́jú tó ń ṣagbe lẹ́bàá ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé kí Ọmọ Dáfídì ṣàánú òun. Wọ́n ní kó dákẹ́, ó túbọ̀ ń ké. Jésù dúró, ó ní kí wọ́n pè é.

A máa ń kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni àkọ́kọ́ á kà á sókè, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àwọn yòókù á pa ìwé dé, wọ́n á gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n á kàn máa gbọ́. Ẹlòmíràn á tún un kà, lọ́tẹ̀ yìí olúkúlùkù á máa fojú bá a lọ. Mo wá máa ń béèrè pé: kí lẹ rí? Ohun tó wà nínú ìwé nìkan ni mo fẹ́ gbọ́. Ẹnì kan á ní, "Bátíméù nígbàgbọ́." Mo máa ń bi í pé ẹsẹ wo ló ti rí i. Á tún padà síbẹ̀, á sì wá rí i pé ọkùnrin náà bọ́ aṣọ rẹ̀ sọnù kó tó dìde lọ bá Jésù, nígbà tí ojú rẹ̀ ò tíì là. Ẹni tó ń ṣagbe lójú títì bọ́ aṣọ sọnù! Ibi tí ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú ènìyàn nìyẹn, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló rí i.

Bó pẹ́ bó yá, ẹnì kan á kígbe pé ìbéèrè kan náà ni Jésù bi Jákọ́bù àti Jòhánù tó tún bi Bátíméù: kí lo fẹ́ kí n ṣe fún ọ? Ẹ̀yin olùdarí, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gba èyí sọ mọ́ wọn lẹ́nu. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, wọ́n á gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Tó bá jẹ́ ìyá tó ń ta ata ló rí i, á rò ó fún ọkọ àti ọmọ kó tó sùn.

Ìbéèrè kejì ni pé: kí la rí nípa Jésù níbí? Ẹ̀yin á gbọ́ oríṣiríṣi. Pé Jerúsálẹ́mù ló ń lọ, ó sì ti sọ ní ẹsẹ 33 àti 34 pé wọ́n máa pa òun níbẹ̀, síbẹ̀ ó dúró nítorí alágbe kan. Pé ó bi afọ́jú ní ohun tó fẹ́, bí gbogbo ènìyàn tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ dúró pẹ́ lórí ìbéèrè yìí ju èyíkéyìí lọ. Ọ̀pọ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń fò ó, a máa ń sáré lọ síbi "kí ni kí a ṣe", a sì ń padà sílé pẹ̀lú àwọn òfin tuntun, láìjẹ́ pé a mọ Ẹni tó pa wọ́n láṣẹ jù bí a ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ìkẹta ni pé: bó bá bi ìwọ náà lónìí, kí lo máa sọ? Ilé á pa lọ́lọ́. Ẹ jẹ́ kó pa lọ́lọ́. Ẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ ń ba àwa olùdarí, a máa ń fi orin tàbí àlàyé dí i, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni ènìyàn ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ẹnì kan á ní owó ilé ìwé ọmọ ni. Ẹlòmíràn á ní òun fẹ́ lóyún. Ẹ má ṣe wàásù fún wọn pé ohun ti ẹ̀mí ni kí wọ́n béèrè. Bátíméù béèrè ojú, Jésù kò bá a wí. A sì máa ń rí ẹni tó máa fi ohùn kékeré sọ pé ohun tí òun ń fẹ́ jọ ti Jákọ́bù àti Jòhánù: ipò, kí wọ́n lè mọ òun nínú ìjọ. Ẹni tó bá lè sọ òtítọ́ bẹ́ẹ̀ níwájú Ọlọ́run ti súnmọ́ ọn ju bó ṣe wà nígbà tó wọlé lọ.

Inú ìdáhùn yẹn ni àdúrà ti gbọ́dọ̀ wá. Bí a bá ti parí ìkẹ́kọ̀ọ́ tán, a máa ń pa á tì, a á bẹ̀rẹ̀ àdúrà ọ̀tá ilé baba bí ẹni tí kò ka ohunkóhun. Kí olúkúlùkù sọ ohun tó ti sọ fún ẹgbẹ́, kó wá sọ ọ́ fún Ọlọ́run, ní gbólóhùn kan tàbí méjì. Ẹni tí kò bá lè gbàdúrà sókè, kó gbà á sínú.

Ní ilẹ̀ wa, ọ̀wọ̀ àgbà lè di ìdènà nínú ìpàdé yìí, bí a kò bá fi ọgbọ́n ṣe é. Bí bàbá alàgbà bá ti sọ tirẹ̀, ọmọ ogún ọdún kò ní lanu mọ́, ìyàwó náà kò sì ní sọ ohun tó yàtọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀. Ọ̀nà tí mo ń gbà ni pé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń lọ bá àwọn àgbà níkọ̀kọ̀, mo máa ń kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ẹ̀yin bá wa fi ọgbọ́n kádìí rẹ̀." Inú wọn máa ń dùn sí i, nítorí pé a fún wọn ní ipò àgbà lóòótọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Àwọn tí kò mọ̀wé kà náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n jókòó bí àlejò. Pọ́ọ̀lù ní láti inú gbígbọ́ ni ìgbàgbọ́ ti ń wá. Àwọn ìyá tí kò kàwé ló máa ń rántí ìtàn jù nínú ẹgbẹ́. Ẹ fún wọn níṣẹ́: lẹ́yìn kíkà kejì, kí ìyá bá wa tún ìtàn náà sọ, kí àwa tó ní ìwé lọ́wọ́ máa wò ó bóyá ó fo ibì kan.

Ní ti ìtumọ̀, ẹ ní ju ẹyọ kan lọ láàárín yín. Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe agbátẹrù rẹ̀ kò yá: Ìwé sí Àwọn Ará Róòmù jáde ní 1850, odindi Bíbélì kò parí títí di 1884. Èdè inú rẹ̀ jinlẹ̀, ó dùn létí, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ń kọsẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi ìtumọ̀ ti Yorùbá òde òní tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ẹbí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston tó ń fi fóònù pàdé lè jẹ́ kí ìyá àgbà kà á ní Yorùbá, kí ọmọ-ọmọ kà á ní Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ńbà ẹsẹ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Kò sí nínú ohun tí Máàkù kọ. 1551 ni Robert Estienne, atẹ̀wé ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi irú èyí tí à ń lò sínú Májẹ̀mú Tuntun. Ó wúlò láti fi wá ibi tí à ń kà, àmọ́ ẹ má ṣe já ẹsẹ kan gbà kúrò láàárín àwọn ará rẹ̀.

Àríyànjiyàn á wáyé: ìrìbọmi, ìdámẹ́wàá, fífi èdè fọ̀. Ẹ padà sínú ibi tí ẹ ń kà, kí ẹ wò ó bóyá ó dáhùn rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, ẹ kọ ìbéèrè náà sílẹ̀, ẹ bi pásítọ̀, kí ẹ máa tẹ̀ síwájú. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 17:11 yin àwọn ará Bèríà nítorí pé wọ́n ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò lójoojúmọ́ láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni ohun tí Pọ́ọ̀lù pàápàá ń sọ. Kí olùdarí má sì tijú láti sọ pé, "Mi ò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ wádìí rẹ̀."

Ohun kan wà tó lè tú ẹgbẹ́ ká ju àríyànjiyàn lọ: kí ọ̀rọ̀ tí arábìnrin kan sọ pẹ̀lú omijé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun di ohun tí wọ́n ń sọ ní ọjà ní ọjọ́ Ẹtì, tàbí kó wọ orí WhatsApp ìjọ lábẹ́ orúkọ "ẹ bá wa gbàdúrà". Láti ìpàdé àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti fi èyí ṣe òfin: ohun tí a bá sọ níbí, ibí ni yóò parí sí, àfi bí ẹ̀mí tàbí ara ẹnì kan bá wà nínú ewu. Ẹni tó bá rú u, ẹ pè é, ẹ bá a sọ ọ́ kíákíá. Níbi tí ènìyàn kò bá ti fọkàn tán ènìyàn, kò ní ṣí ọkàn rẹ̀ fún Ọlọ́run níwájú wọn.

Kí ẹ tó túká, kí olúkúlùkù mú ohun kan ṣoṣo tó máa ṣe: pe ẹ̀gbọ́n tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀, dá owó kan padà, wá àyè fún àdúrà kí ilẹ̀ tó mọ́ bí Jésù ṣe ṣe ní Máàkù 1:35. Ìbéèrè àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí i. Nínú Jòhánù 14:21, Jésù so ìfarahàn rẹ̀ mọ́ pípa ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Mo ti rí ẹni tí Bíbélì kò yé fún ìgbà pípẹ́, tó jẹ́ ọjọ́ tó lọ bẹ àbúrò rẹ̀ ni ojú rẹ̀ là sí i.

Ẹ má dúró kí ẹ pọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1918, ẹgbẹ́ àdúrà kan nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde ló di Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, tó wà lára gbòǹgbò Christ Apostolic Church. Ní 1973, W. F. Kumuyi, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, bẹ̀rẹ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 15. Ibẹ̀ ni ìjọ Deeper Life ti jáde. Ní tèmi, bí ẹ bá ti ju 12 lọ, ẹ pín sí méjì, kí gbogbo ẹnu lè sọ̀rọ̀. Wákàtí kan tó, ẹ má ṣe kọjá rẹ̀.

Ẹ má fi Ìfihàn bẹ̀rẹ̀. Ìhìn Rere Máàkù ni kí ẹ mú, orí 16 péré ni. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò, ẹ lo lẹ́tà sí Fílémónì ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹsẹ 25 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì bíi pé ilé tí ẹ jókòó sí ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí, kí ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta yẹn, kí ẹ sì jùmọ̀ wò ó bóyá ẹnì kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú yín gbọ́dọ̀ gbà padà bí Pọ́ọ̀lù ṣe ní kí Fílémónì gba Ónẹ́símù, ẹrú rẹ̀.