Ètò Ìdáàbòbò Ohun Abẹ̀mí: Ẹ Wo Ibi Tí Owó Wà

Bí ètò tí orílẹ̀-èdè yín ṣe láti dáàbò bo ẹranko, igi, ẹja àti gbogbo ohun abẹ̀mí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí mínísítà kọ sílẹ̀ ná. Ẹ ṣí i lọ síbi tí wọ́n kọ iye owó àti orúkọ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà sí. Bí ibẹ̀ bá ṣófo, ẹnu dùn-ún ròfọ́ lásán ni.

Àdéhùn àgbáyé lórí ohun abẹ̀mí (Convention on Biological Diversity) tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Rio de Janeiro lọ́dún 1992 ló sọ irú ètò yìí di dandan fún gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2010, wọ́n fẹnu kò lórí àfojúsùn 20 tí wọ́n fẹ́ mú ṣẹ kó tó di 2020. Ọdún 2020 pé, kò sí ẹyọ kan tí ayé mú ṣẹ tán. Kì í ṣe pé wọn ò kọ ìwé. Ìwé pọ̀ nílẹ̀ jaburata. Ní Oṣù Kejìlá 2022, wọ́n tún fi 23 míì lélẹ̀ ní Montreal, ọdún 2030 ni gbèdéke rẹ̀.

Ibi tí ìṣòro ti ń wá rèé. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká ló sábà máa ń kọ ètò náà. Òun kọ́ ló ń fúnni níwèé àṣẹ ìwakùsà. Òun kọ́ ló ń la ọ̀nà gba inú igbó kọjá, òun náà kọ́ ló sì ń fún ẹni tó ń fa omi ilẹ̀ àbàtà gbẹ láti dáko lówó ìrànwọ́. Bí àwọn tó ń ṣe ìwọ̀nyí kò bá sí níkàlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ètò, ọwọ́ kan ń gbìn, èkejì ń fà á tu. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka àfojúsùn kejìdínlógún ti Montreal sí pàtàkì ju ọ̀pọ̀ lọ: kí wọ́n dín owó ìrànwọ́ tó ń ba ohun abẹ̀mí jẹ́ kù, ó kéré tán pẹ̀lú bílíọ̀nù 500 dọ́là lọ́dún, kó tó di 2030.

Costa Rica mọ ọ̀nà owó yìí dáadáa. Lọ́dún 1996, wọ́n ṣòfin pé kí ìjọba máa sanwó fún onílẹ̀ tí kò gé igbó rẹ̀, àti fún ẹni tó bá gbin igi padà, nítorí pé igbó ń pa omi mọ́ fún gbogbo èèyàn. Níbo lowó ti ń wá? Lára owó orí epo mọ́tò ni òfin ti yọ ọ́. Mínísítà ì báà yí padà, orísun owó wà níbẹ̀. Lónìí, igbó ti bo ohun tó ju ìdajì orílẹ̀-èdè náà lọ. Owó nìkan kọ́ ló ṣe é o: òfin kan náà ló ka sísọ igbó di oko léèwọ̀.

Dídáàbò bo nǹkan kò sì túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹ wo ẹja kọ́ọ̀dù ní Newfoundland, ní Kánádà. Wọ́n pa á ju bó ṣe ń bí sí i lọ, títí ìjọba fi ní kí wọ́n dáwọ́ dúró ní Oṣù Keje 1992. Nǹkan bí 30,000 èèyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó di 2024 kí ìjọba tó kéde pé òfin náà dópin. Nítorí náà, bí ètò bá ní a ó máa lo omi àti igbó níwọ̀ntúnwọ̀nsì, ẹ béèrè: mélòó lọ́dún? Ta ló ń kà á? Ta ló lágbára láti sọ pé ó tó?

Ẹ wo gbólóhùn méjì. "A ó mú kí àbójútó igbó dára sí i": kò sẹ́ni tí ẹ lè fi èyí mú. "Kó tó di 2030, iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn kò ní san owó ìrànwọ́ mọ́ fún oko orí ilẹ̀ àbàtà, iléeṣẹ́ ìṣúná yóò sì máa kéde iye tó kù lọ́dọọdún": èyí ṣeé yẹ̀ wò. Irú rẹ̀ ni kí ẹ bá aṣòfin yín fà á fún. Àwọn ètò tí ìjọba bá fi ránṣẹ́ máa ń wà lórí ìkànnì àdéhùn náà, ọ̀fẹ́ sì lẹ lè kà á.