Ìpẹtà Orí Páànù àti Bátìrì Lithium

Ẹni tó bá dúró lórí òkè Mápó wo ìlú Ìbàdàn, páànù tó ti dípẹtà ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ bá. Irin àti ọ́síjìn tó so pọ̀ ni ìpẹtà. Gíráàmù kan gíráfáìtì, èròjà dúdú tó ń tọ́jú iná sínú bátìrì fóònù, kì í gbà ju 372 mAh lọ (mAh ni ìwọ̀n iná tí bátìrì ń gbà). Irin àti ọ́síjìn tí wọ́n ń pè ní Fe2O3 lè gba nǹkan bíi 1,007. Ní 2000, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé fi hàn pé àpòpọ̀ irú èyí, ti irin, ti kóbọ́ọ̀tì àti ti níkẹ́ẹ̀lì, ń gba lithium, èròjà tó ń wọlé tó sì ń jáde bí bátìrì bá ń gba iná tàbí tó ń lò ó, ó sì ń dá a padà.

Kí ló wá dé tí wọn kò fi í sínú fóònù? Ó ń wú bíi gaàrí inú kọ́ọ̀bù. Gaàrí tiẹ̀ sàn, ó wú, ó parí. Èyí ń wú bí lithium bá wọlé, ó ń súnkì bó bá jáde, títí yóò fi sán wẹ́wẹ́, tí iná kò ní ríbi gbà dé ara rẹ̀ mọ́.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́ dé ìwọ̀n náánò. Pín mìlímítà kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni náánómítà. Wóró tó kéré báyìí ráyè wú láìsán. Ṣùgbọ́n ti ìrìn ló dùn jù. Nínú wóró, lithium kì í rìn tààrà. Bí alábàárù Bódìjà lọ́jọ́ ọjà ni, ó ń yà síbí, ó ń yà sọ́hùn-ún, kó tó dé ìdí ilé ìkẹ́rù. Bí ọ̀nà bá gùn ní ìlọ́po 2, àkókò á di ìlọ́po 4. Tí a bá wá sọ ilé ìkẹ́rù ńlá yẹn di ìsọ̀ kéékèèké, tí ìrìn fi kúrú dé ìdá kan nínú 100, àkókò á kúrú dé ìdá kan nínú 10,000!

Ibi tó ń bí ni nínú ni báwọn èèyàn ṣe gbà pé bó bá ti kéré tó ló dára tó. Ìsọ̀ púpọ̀, ẹnu ọ̀nà púpọ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ṣáájì bátìrì, nǹkan kan ń dì bo gbogbo ẹnu ọ̀nà wọ̀nyẹn bí èépá ṣe ń bo egbò, lithium ló sì fi ń dì. Èyí tó bá ti bá èépá lọ kò ní padà.

Lójú tèmi, Li4Ti5O12, àpòpọ̀ lithium, titanium àti ọ́síjìn, ló bá ilé wa mu jù. 175 mAh péré ni gíráàmù rẹ̀ ń gbà, ṣùgbọ́n kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ wú rárá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ló sì ń gba ṣáájì. Bátìrì sólà tó wà ní kọ́rídọ̀ ilé kan ní Mọníyà, ta ló ń gbé e kiri tí wíwúwo rẹ̀ yóò fi jẹ́ ìṣòro?