Àpótí ẹja onígíláàsì fún olùbẹ̀rẹ̀

Àpótí ẹja onígíláàsì ni àpótí tí a ń rọ omi sí láti sin ẹja nínú ilé fún wíwò, kì í ṣe fún jíjẹ. Èyí tí a ń fi omi tí kò níyọ̀ kún ni ó rọrùn jù fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara, àwọn tí ń sin ẹja àrọ̀ nínú kòtò tàbí táǹkì ti mọ̀ pé omi ni olórí iṣẹ́. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún ẹja wíwò, àfi pé omi inú àpótí kéré púpọ̀, àṣìṣe kékeré a sì máa tètè hàn nínú rẹ̀. Àṣà yìí gbajúmọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ilé ẹja fún gbogbo ènìyàn ní ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1853.

Àpótí àti ibi tí a ń gbé e sí

Àpótí tí ó gba lítà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sàn ju abọ́ róbótó kékeré lọ, nítorí pé ìdọ̀tí àti ooru kì í tètè yí omi púpọ̀ padà. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Bí a bá ka gíláàsì àti òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, àpótí bẹ́ẹ̀ lè lé ní kílò 80, kò sì yẹ kí ó wà lórí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. A kì í gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀.

Omi

Omi ẹ̀rọ, irú èyí tí wọ́n ń fà láti ìsédò Àsà, máa ń ní chlorine tí wọ́n fi pa kòkòrò. Chlorine yìí a máa ba ibi tí ẹja fi ń mí jẹ́, ó sì ń pa bakitéríà tí a nílò láti sọ ìdọ̀tí ẹja di ohun tí kò léwu púpọ̀. Bí a bá gbé omi náà kalẹ̀ sínú garawa tí a kò dé fún wákàtí 24 sí 48, chlorine á fò lọ. Chloramine, àdàpọ̀ chlorine àti ammonia tí àwọn ilé iṣẹ́ omi kan lágbàáyé ń lò dípò rẹ̀, kì í fò lọ bẹ́ẹ̀. Sodium thiosulfate, kẹ́míkà tí a ń pò mọ́ omi, a máa tú u ká, ṣùgbọ́n ammonia tí ó ṣẹ́kù á wá di iṣẹ́ fílítà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi àpótí. Omi kànga kì í sábà ní chlorine, àmọ́ kànga tí ó súnmọ́ ṣáláńgá lè ti ní nitrate, ohun tí ìdọ̀tí ń dà nígbẹ̀yìn, púpọ̀ kí ẹja kankan tó wọ inú omi rẹ̀.

Bí nitrogen ṣe ń yí nínú omi

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹja olùbẹ̀rẹ̀ ti ń kú. Ẹja ń tú ammonia, tí nitrogen wà nínú rẹ̀, sínú omi, pàápàá láti ibi tí ó fi ń mí, oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù tí ó sì ń rà ń fi kún un. Oríṣi méjì ni ammonia ń pín sí nínú omi: ammonium, tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀, àti ammonia gan-an, tí ó jẹ́ májèlé. Bí pH, ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí omi ṣe kan tó (bí ó bá ga, omi kò kan), bá ṣe ń ga sí i, tí omi sì ń gbóná sí i, ni ìpín tí ó jẹ́ májèlé ń pọ̀ sí i. Nítorí náà ìwọ̀n kan náà tí ẹja fara dà ní àkókò ọyẹ́ lè pa á nínú ooru oṣù kẹta.

Bakitéríà kan ń sọ ammonia di nitrite, òmíràn ń sọ nitrite di nitrate. Sergei Winogradsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ṣe iṣẹ́ ìpìlẹ̀ lórí wọn ní nǹkan bí ọdún 1890. Ó pẹ́ tí wọ́n fi gbà pé Nitrobacter ni ó ń ṣe iṣẹ́ kejì nínú àpótí ẹja, ṣùgbọ́n ìwádìí kan ní ọdún 1998 fi hàn pé ó jọ pé Nitrospira ni. Ní ọdún 2015, wọ́n tún rí Nitrospira tí ń dá iṣẹ́ méjèèjì ṣe. Nitrite kò ṣeé fojú fo, nítorí ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ ẹja di àwọ̀ ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà kì í sì í lè gbé oxygen dáadáa mọ́. Nitrate kò le tó wọn, ṣùgbọ́n pípààrọ̀ omi tàbí ewéko ni ó sábà máa ń dín in kù.

Àwọn bakitéríà yìí kì í sábà léfòó nínú omi. Ara òkúta, gíláàsì àti fóòmù fílítà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́. Nínú àpótí tuntun, wọn kò pọ̀ rárá, ó sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó tó iṣẹ́. Láàárín àkókò yìí, a lè máa wọ́n oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú omi láìsí ẹja, kí ó lè rà di ammonia fún wọn, tàbí kí a gba fóòmù tí ó ti gbó nínú àpótí ẹlòmíràn tí ẹja rẹ̀ kò ṣàìsàn. Bí omi bá funfun bí omi ògì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bakitéríà mìíràn ni, yóò sì mọ́ fúnra rẹ̀. Dídà á nù kì í ṣe ojútùú. Ìgbà tí ammonia àti nitrite bá di òdo nínú àyẹ̀wò, tí nitrate sì ti hàn, ni a lè bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹja wọlé ní díẹ̀díẹ̀.

Atẹ́gùn àti iná

Omi tí ó tutù ń gba oxygen ju omi gbígbóná lọ: ní 25°C, lítà omi kan lè gba nǹkan bí mílígíráàmù 8, ní 35°C kò ju nǹkan bí 7 lọ. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ atẹ́gùn oníbátìrì wúlò púpọ̀. Bí kò bá sí, kí a máa fi ife bu omi, kí a sì máa dà á padà láti òkè. Fílítà fóòmù tí ó wà nínú omi gbangba fara da àìsí iná ju èyí tí a dé pa lọ, nítorí oxygen máa ń tètè tán lára bakitéríà inú èyí tí a dé pa náà.

Ẹja

Guppy àti platy, àwọn ẹja kéékèèké, ni wọ́n sábà máa ń dámọ̀ràn, nítorí pé ara wọn le, wọ́n sì ń bí ọmọ lóòyè. Guppy a tún máa jẹ tanwíjí. Ẹja betta lè mí atẹ́gùn òkè omi, ṣùgbọ́n akọ méjì kì í gbé pọ̀. Kribensis, tí ó jẹ́ ẹja gúúsù Nàìjíríà, yẹ fún ìfẹ́ wa ju bí a ṣe ń fún un lọ. Ẹja àrọ̀ kò yẹ, nítorí pé yóò tóbi ju àpótí lọ.

Ìtọ́jú

Oúnjẹ tí ẹja lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì ti tó, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a máa ń pààrọ̀ nǹkan bí ìdámẹ́rin omi. Omi tí a fà jáde yìí ni a fi ń fọ fóòmù: a ó rì í sínú rẹ̀, a ó fún un títí ìdọ̀tí aláwọ̀ ilẹ̀ yóò fi jáde, a ó sì dá a padà láìfi ọṣẹ tàbí omi ẹ̀rọ kàn án. Nígbà ọyẹ́, omi máa ń fà kúrò nínú àpótí kíákíá, ṣùgbọ́n iyọ̀ àti nitrate kì í bá a lọ, nítorí náà fífi omi kún un kì í ṣe ìpààrọ̀.