Ìsọ̀ aṣọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: èwo ni ká lò?

Ìbéèrè tí àwọn aláṣọ Iléṣà máa ń bi mí nìwọ̀nyí, látorí àwọn tó ń ta àǹkárá lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà dé orí àwọn tó ń ta léèsì nínú ilé.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n lọ wá CMS kí n tó lè máa ta aṣọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Sọ́fítíwíà ni. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ lè gbé fọ́tò aṣọ síta, kí ẹ kọ iye owó sí i, kí ẹ sì yọ ọ́ nígbà tó bá tán, láì mọ kóòdù kankan.

Ìbéèrè: Èwo ló dára jù nínú wọn?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè dáhùn: ta ni yóò máa yí iye owó padà? Kí aláṣọ tó lọ gba ọjà l'Ékòó kó tó dé, owó ọjà ti lè lé. Iye tí ẹ fẹnu pè, ẹnu náà lẹ ó fi yí i. Èyí tí ẹ kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni yóò wà títí ẹnìkan yóò fi lọ tún un ṣe, bí oníbàárà bá sì ti san iye àná, àríyànjiyàn dé nìyẹn. Nítorí náà, èyí tí ẹni tó ń jókòó nínú ìsọ̀ lè ṣí lórí fóònù kó sì yí iye padà kíá, òun ló dára jù fún yín. Bó bá jẹ́ pé ọmọ yín tó wà ní yunifásítì n'Ífẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n lò, ẹ ò tíì ní CMS. Ọmọ lẹ ní, ọmọ náà yóò sì ṣe ìdánwò.

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni WooCommerce.

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún 2003 ni WordPress, CMS kan tí a fi ń ṣe wẹ́bùsáìtì, jáde. Ní 2011 ni WooCommerce dé, tí a ń fi kún WordPress kó lè di ìsọ̀. Sọ́fítíwíà méjèèjì kò gba kọ́bọ̀. Ohun tó ń gba owó ni orúkọ wẹ́bùsáìtì (domain), irú èyí tí .com.ng ń parí, tí a ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún, àti hosting, ìyẹn ààyè tí wẹ́bùsáìtì náà yóò máa gbé. Owó kan tún wà tí àwọn tó ń bá yín ṣe é kì í sábà dárúkọ: owó ìtọ́jú. WordPress àti àwọn plugin rẹ̀, ìyẹn àwọn sọ́fítíwíà kéékèèké tí a ń fi kún un, ń fẹ́ àtúnṣe lóòrèkóòrè, plugin tí a kò sì tún ṣe ni ọ̀nà tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń gbà wọlé jù. Ẹ má kó plugin rẹpẹtẹ jọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà gbogbo wẹ́bùsáìtì náà wà níbòmíràn.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni pé kí wọ́n fi orúkọ yín àti íméèlì yín gba domain náà. Bí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ló wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá jà, òun ló ni ìsọ̀.

Ìbéèrè: Shopify ńkọ́?

Ìdáhùn: Ilé iṣẹ́ Kánádà ni, àwọn ló ń tọ́jú hosting, ààbò àti àtúnṣe, ó sì rọrùn láti lò. Dọ́là ni wọ́n ń gbà lóṣooṣù, nítorí náà bí náírà bá já, owó yín ti lé nìyẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò ta yáàdì kan kún un. Ohun kejì ni pé ọ̀nà ìgbowó tiwọn, Shopify Payments, kò ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Paystack tàbí Flutterwave, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ ó lò, Shopify yóò sì tún gba 2% lórí ọjà kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ètò Basic wọn. Ẹ gbé aṣọ ₦40,000 yẹ̀ wò: Paystack ń gba 1.5% àti ₦100, ₦700 nìyẹn. Shopify yóò gba ₦800 lé e. Lórí WooCommerce, ₦700 yẹn nìkan ni. Iye wọ̀nyí máa ń yí padà, ẹ wò ó lọ́dọ̀ wọn kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀.

Ìbéèrè: PrestaShop, OpenCart tàbí Magento?

Ìdáhùn: CMS ìsọ̀ ni àwọn náà, wọ́n sì dára, ṣùgbọ́n ẹni tó máa bá yín tún un ṣe n'Íléṣà ò wọ́pọ̀. Magento ti le jù fún ìsọ̀ kékeré.

Ìbéèrè: Àwọn oníbàárà mi kì í fẹ́ sanwó kí wọ́n tó rí aṣọ.

Ìdáhùn: Àwọn bàbá wa tó ṣe òṣómàáló ta aṣọ láwìn káàkiri, wọ́n sì lóṣòó ní àgbàlá onígbèsè títí owó fi jáde. Ẹ ò lè lóṣòó sí àgbàlá oníbàárà tó wà ní Kano. WooCommerce ní ààyè fún sísan owó nígbà tí ọjà bá dé ọwọ́, láìra plugin kankan. Ẹ ṣí i fún àwọn tó wà nílùú nìkan. Kí àwọn tó jìnnà sanwó ṣáájú.

Ìbéèrè: Ṣé WhatsApp Business ò tó mi báyìí?

Ìdáhùn: Bí aṣọ yín kò bá ju ogún lọ, ó tó, ọ̀fẹ́ sì ni. Katalọ́ọ̀gì rẹ̀ kì í ka iye aṣọ tó kù sílẹ̀ fún yín ṣá. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ kan ṣoṣo fún ènìyàn méjì, ìgbà náà lẹ wá CMS.

Ìbéèrè: Bí mo bá fẹ́ kó kúrò lọ́jọ́ iwájú ńkọ́?

Ìdáhùn: WooCommerce àti Shopify ló ń jẹ́ kí ẹ kó orúkọ ọjà, iye àti àlàyé jáde sínú fáìlì CSV, ìyẹn àkọsílẹ̀ bíi tábìlì tí CMS mìíràn lè kà. Kí ẹ tó san owó ìkẹyìn fún ẹni tó bá yín ṣe é, ẹ ní kó kó o jáde lójú yín. Ẹ tọ́jú ojúlówó fọ́tò aṣọ yín sọ́tọ̀, torí fọ́tò fúnra rẹ̀ kì í sí nínú CSV, ibi tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀.