Káàdì gíráfíìkì tó ń gbóná: fáànù ni àbí omi?

Lálẹ́, bí ẹ bá bu omi sínú àmù tí wọ́n mọ ní Dada ní Ìlọrin, tí ẹ gbé e sí ẹ̀bá ògiri tí atẹ́gùn ń gbà, omi yẹn á tutù ju yàrá tó wà lọ kílẹ̀ tó mọ́. Amọ̀ ló ń mí. Omi díẹ̀díẹ̀ ń rin jáde lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, ooru sì ń bá a lọ. Àwa tá a dàgbà ní Ìlọrin ti mu irú omi bẹ́ẹ̀ yó, bóyá ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bá a bá ti gbọ́ pé káàdì gíráfíìkì kan, ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán àti fídíò nínú kọ̀ǹpútà, ń lo omi, nǹkan tútù ló ń wá sí wa lọ́kàn.

Àbúrò kan wá bá mi ní Tánkẹ́ láti Ọ̀fà nínú oṣù kẹta, nígbà tí ooru ń bẹ́ni lórí. Fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsọmọlórúkọ ló ń gé, ó sì ti tu owó jọ fún RTX 4090, káàdì ńlá kan tí ilé iṣẹ́ Nvidia ṣe. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá èyí tó ń lo omi. Ooru ilé wa ò lè jẹ́ kí ti fáànù ṣiṣẹ́. Omi á kúkú jẹ́ kó tutù." Mo ní kó jókòó ná.

Omi inú kọ̀ǹpútà ò dà bí omi àmù. Inú rọ́bà tí wọ́n dí pa ló ń gbé, kò rí ibi rin jáde sí. Torí náà, kò sí bó ṣe lè tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lu rédíétọ̀ rẹ̀ lọ. Bí yàrá yín bá wà ní 36 lórí òṣùwọ̀n Celsius, 36 yẹn ni ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè bọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, à báà lo fáànù, à báà lo omi.

Iná tí káàdì bá jẹ, ooru ló ń dà nígbẹ̀yìn. RTX 3090 tó jáde ní 2020 ń jẹ tó 350 wáàtì bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára. RTX 4090 ti 2022 ń gba 450. RTX 5090 tó dé ní 2025 ń gba 575. Áyọ́ọ̀nù tí ẹ fi ń lọ aṣọ lè máa jẹ bí 1,000. Ẹ fojú inú wo ìdajì áyọ́ọ̀nù tó ń gbóná láti àárọ̀ dalẹ́ láìsinmi, ṣùgbọ́n tí ojú tí ooru ti ń jáde ò fẹ̀ tó páálí ìṣáná: ṣíìpù 4090, ọpọlọ káàdì náà, ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ ní òró àti ní ìbú. Bí ooru yẹn ò bá tètè rí ọ̀nà lọ, káàdì á rọra dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má baà jó. Nvidia kọ ọ́ síwèé pé 90 ni òpin ìgbóná fún 4090.

Báwo ni ooru ṣe ń lọ? Ẹ wo ìyá tó fẹ́ fún ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀kọ gbígbóná. Ó lè máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó sì lè gbé ife náà sínú abọ́ omi. Ti abọ́ omi yá ju ti abẹ̀bẹ̀ lọ dáadáa, ẹnikẹ́ni tó ti tọ́mọ rí mọ̀. Àmọ́ bí abọ́ náà bá kéré, tó gbé ife kejì àti ìkẹta sí i, omi inú abọ́ fúnra rẹ̀ á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ̀kọ ò sì ní tutù mọ́. Ó di dandan kó da omi yẹn nù, kó pọn òmíràn. Ẹ rántí abọ́ yìí, a máa padà sí i.

Ti fáànù rèé. Bàbà pẹrẹsẹ kan fara ti ṣíìpù, ọ̀dà aláwọ̀ eérú tí wọ́n ń pè ní thermal paste sì wà láàárín wọn kí afẹ́fẹ́ má ráyè dúró síbẹ̀. Láti ara bàbà yẹn ni àwọn ọ̀pá bàbà mélòó kan ti gba inú irin álúmíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tò bí ojú ewé ìwé kọjá, fáànù méjì tàbí mẹ́ta sì ń fẹ́ sí wọn. Àwọn ọ̀pá yẹn ṣófo nínú. Wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú wọn jáde, wọ́n kán omi díẹ̀ sí i, wọ́n dí i pa. Omi náà á hó ní ìdí ṣíìpù, á di èéfín, á sáré lọ sí orí kejì níbi tí fáànù ń fẹ́, á padà di omi, á sì gba ara bàbà tí wọ́n ṣe bí òwú nínú ọ̀pá padà wá sí ìdí ṣíìpù.

Ẹ ò rí nǹkan? Káàdì tá a ń pè ní ti afẹ́fẹ́, omi wà nínú rẹ̀. Olómi ńkọ́? Àpótí bàbà pẹlẹbẹ kan ló gun orí ṣíìpù, wọ́n la ọ̀nà tín-ín-rín sínú rẹ̀, pọ́ǹpù ń ti omi gba ibẹ̀, omi ń gbé ooru gba inú rọ́bà lọ sí rédíétọ̀ tí wọ́n dè mọ́ ara kẹ̀ẹ́sì, àpótí kọ̀ǹpútà, fáànù ló sì ń fẹ́ ooru náà jáde níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni àwọn méjèèjì ń gbé ẹrù fún nígbẹ̀yìn. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni bí ooru ṣe rìn jìnnà tó kó tó pàdé afẹ́fẹ́, àti bí ojú tó ti pàdé rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ẹ́ńjìnì ọ̀kadà ń lo irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ara rẹ̀, mọ́tò ń lo rédíétọ̀. Àmọ́ ìjàpá, Volkswagen ayé àtijọ́ yẹn, mọ́tò ni òun náà, kò sì ní rédíétọ̀. Ẹ̀yin tí bàbá yín ní in, ẹ ẹ́ jẹ́rìí sí ibi tó rìn dé.

Omi dára ní gbígbé ooru, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ooru tí lítà omi kan máa gbà kó tó gbóná ní ìwọ̀n kan ju ìlọ́po 3,000 ti lítà afẹ́fẹ́ kan lọ. Nínú yàrá kan náà, lórí iṣẹ́ kan náà, káàdì olómi tó ní rédíétọ̀ tó tó lè fi bí ìwọ̀n mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tutù ju ti fáànù. Fáànù rẹ̀ ò sì ní láti sáré púpọ̀, torí náà ariwo á kéré. (Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń bú ramúramù lẹ́yìn fèrèsé yín, ẹ ẹ́ sọ fún mi ibi tí ẹ ti fẹ́ gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn.)

Ibí ni abọ́ omi ti wọ̀ ọ́. Rédíétọ̀ 120 mílímítà, abọ́ kékeré ni fún káàdì 450 wáàtì. Kò yẹ kó dín ní 240, 360 ló tún dára jù. Bí ẹ bá sì rí fídíò tí ẹnì kan ti dán káàdì olómi wò fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tó ń pariwo pé ìwọ̀n ìgbóná ò kúrò lójú kan, ẹ má tíì ná owó. Ife àkọ́kọ́ ló ṣì wà nínú abọ́ nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ kó lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí omi gbóná dé ibi tó máa gbóná dé, kí ẹ tó ka nọ́ńbà.

Káàdì tó ń ti ilé iṣẹ́ jáde pẹ̀lú omi kì í ṣe tuntun. AMD, tó ń bá Nvidia du ọjà, ṣe R9 295X2 lọ́dún 2014, ṣíìpù méjì lórí káàdì kan, 500 wáàtì, omi ló bá a wá. Fury X tẹ̀lé e ní 2015. Síbẹ̀, nígbà tí Nvidia fúnra rẹ̀ fẹ́ ṣe Founders Edition, RTX 5090 tó ń tà lórúkọ ara rẹ̀, fún 575 wáàtì, fáànù ló fi sí i. Ẹni tó bá sọ pé fáànù ò lè gbé káàdì ńlá, ẹ fi ìyẹn hàn án.

Èmi ò wá bẹ̀rù omi nítorí pé ó lè jò nìkan. Ọyẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń rò. Mo tú káàdì kan nínú oṣù kejì tó kọjá, ti ẹnì kan tó ń gbé ẹ̀bá títì tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí. Mo ṣí fáànù rẹ̀, mi ò rí irin. Eruku ti dì mọ́ ojú rẹ̀ bí ìrun àgùntàn tí wọ́n gé sílẹ̀, pupa rúsúrúsú; mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ká etí rẹ̀ sókè, ó sì ṣí kúrò lódindi bí awọ. Lábẹ́ rẹ̀ irin ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Búrọ́ọ̀ṣì àti fáànù afẹ́-eruku, bí ìṣẹ́jú ogún, ó parí. (Ẹ fi ìka di apá fáànù mú bí ẹ bá ń fẹ́ ẹ, kó má baà yí ju agbára rẹ̀ lọ.) Àwọn kan rò pé olómi bọ́ lọ́wọ́ èyí. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan náà ló wà lára rédíétọ̀, ti ẹ̀ náà tún sún mọ́ra jù, eruku kan náà ló sì ń wọ̀ ọ́.

Omi tí ẹ máa rọ sí i tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, fún ẹni tó bá fẹ́ to gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Píọ̀ wọ́tà ò ṣe é lò. Ó mọ́ fún mímu, àmọ́ iyọ̀ àti èròjà ilẹ̀ inú rẹ̀ á dì sí ọ̀nà tín-ín-rín inú bàbà yẹn bó ṣe ń dì sí ìdí kẹ́tù. Ẹ sì ṣọ́ra lọ́dọ̀ àwọn oníbátìrì: nínú ike tí wọ́n ń tà, òmíràn jẹ́ omi tí wọ́n sè tí wọ́n gba èéfín rẹ̀ padà di omi (distilled water), òmíràn jẹ́ ásíìdì. Ásíìdì á jẹ bàbà yín. Àní omi tí wọ́n sè yẹn pàápàá, ẹ ní láti fi oògùn tí kì í jẹ́ kí ewéko hù àti èyí tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún sí i. Bàbà àti álúmíníọ̀mù ò sì gbọdọ̀ pàdé nínú omi kan náà. Ọ̀kan á jẹ èkejì, álúmíníọ̀mù ló máa ń fara gbá a.

Bí ẹ bá ra èyí tí ilé iṣẹ́ ti dí pa, ẹ bọ́ lọ́wọ́ gbogbo ìyẹn, àfi pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù jẹ́ ohun tó ń yí, ohun tó ń yí sì ń gbó. Bí fáànù kan bá kú lára káàdì onífáànù mẹ́ta, méjì ṣẹ́ kù, ẹ sì lè rí irú rẹ̀ rà, ẹ lè fi ti kẹ̀ẹ́sì dè é mọ́ ọn ná. Bí pọ́ǹpù bá kú, omi dúró, ìṣẹ́jú mélòó kan ni káàdì á fi kọjá ààlà. Kò sì sí ṣọ́ọ̀bù tí mo mọ̀ ní títì Taiwo ní Ìlọrin tí mo lè wọ̀ lọ́la kí n jáde pẹ̀lú pọ́ǹpù káàdì kan pàtó. Ọ̀rọ̀ iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni wọ́n sábà máa ń bi mí: bí iná bá lọ, gbogbo rẹ̀ ló kú pọ̀, ooru tuntun ò sí, ìyẹn nìkan ò ba nǹkan jẹ́. Ohun tí mo kàn máa sọ ni pé kí rédíétọ̀ wà lókè ju pọ́ǹpù lọ, kí afẹ́fẹ́ inú omi lè sá lọ sókè. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìró gbọ́lọ́-gbọ́lọ́ bí ẹni tó ń da ẹmu látinú akèrègbè, afẹ́fẹ́ ti wà nínú pọ́ǹpù nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkunbọ̀, ẹ gbọ́ èyí. Ethereum, owó orí ẹ̀rọ ayélujára tí àwọn èèyàn ń fi káàdì gíráfíìkì wà bí ẹni ń wa kùsà, pa irú wíwà bẹ́ẹ̀ tì ní oṣù kẹsàn-án 2022, káàdì tó ti fi oṣù ṣiṣẹ́ láìsùn sì ya wọ ọjà. RTX 3090 wà lára wọn, mẹ́mọ́rì rẹ̀ tó 24 gígábáìtì sì pín sí iwájú àti ẹ̀yìn káàdì. Iwájú nìkan ni ọ̀pọ̀ ohun olómi ń tù. Ṣíìpù á wà ní 55, inú yín á dùn, mẹ́mọ́rì ẹ̀yìn á sì ń yan bí àkàrà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n pé kí ló bo mẹ́mọ́rì ẹ̀yìn.

Ibì kan wà tí omi ti tọ́. Ẹni tó bá fẹ́ to káàdì méjì sínú kẹ̀ẹ́sì kan, fáànù tòkè á máa mí èémí gbígbóná tìsàlẹ̀. Omi ló máa yanjú ẹ̀. Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú yàrá kan náà tó wà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, mi ò lè bá a jiyàn. Ẹni tí yàrá rẹ̀ sì ní ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́, ó wù ú ni. Àmọ́ kí onítọ̀hún mọ̀ pé 450 wáàtì ni wọ́n jọ ń tú sínú yàrá. Omi ò sọ ọ́ di 300. Fáànù tàbí omi, ara yín ló máa gbóná.

Ohun tó ń dín ooru náà gan-an kù kò gba owó rárá. Lórí Windows ẹ lè fi ètò kan tó ń jẹ́ MSI Afterburner sọ fún káàdì pé kó má jẹ ju iye iná kan lọ. Lórí Linux, àṣẹ *sudo nvidia-smi -pl 350* ti tó. RTX 4090 tí wọ́n fà wálẹ̀ sí 350 ṣì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń gé fídíò lè má mọ ìyàtọ̀. 100 wáàtì tí kò di ooru, kò sí rédíétọ̀ tó lè fún yín nírú ẹ̀, ínfátà yín náà á dúpẹ́.

Ohun tá a ṣe fún àbúrò mi ará Ọ̀fà nìyẹn. Onífáànù ló rà. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onígi ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti ògiri, ibẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. A gbé e sórí tábìlì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e ó pè mí lọ́sàn-án, ó ní òun ti ń yọ fídíò láti àárọ̀, fáànù àjà nìkan ló ń yí, káàdì ò sì kọjá 74. Ó wá bi mí bóyá òun lè sún un sí ẹ̀bá fèrèsé kó túbọ̀ rí atẹ́gùn. Mo bi í fèrèsé wo. Ó ní èyí tó kọjú sí títì. Mo ní kó fi sílẹ̀ níbi tó wà.