Mọ Ẹni Tó Jí Owó Kó O Tó Bẹ̀rẹ̀ Ìtàn

Ìbéèrè tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ìtàn àròsọ máa ń bi mí jù ni pé: ṣé kí àwọn ṣe ìlapa èrò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ni, àbí kí àwọn máa kọ ọ́ bó ṣe ń wá sọ́kàn? Mo máa ń ní kí wọ́n mọ àṣírí inú ìtàn náà dáadáa, ṣùgbọ́n kí wọ́n má wulẹ̀ to ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá ìtàn sílẹ̀ rárá.

Ẹ wo ẹgbẹ́ eléré Oyin Adéjọbí ní Òṣogbo nígbà ayé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lórí ìtàgé kò sí nínú ìwé. Ọ̀gá á ṣàlàyé ìran, òṣèré á sì wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ. Síbẹ̀ eré kì í dàrú, torí wọ́n mọ ìran tó kàn, wọ́n sì mọ ibi tí ìtàn ń lọ.

Èmi náà jìyà kí n tó gbà. Mo kọ ìtàn owó àjọ tó dàwátì lọ́wọ́ alájọ kan. Mi ò mọ ẹni tó jí i. Mo ní bí mo bá kọ ọ́ débẹ̀, yóò fara hàn. Orí kẹsàn-án ni mo tó pinnu pé àbúrò alájọ ni. Àmọ́ láti orí kejì ni mo ti jẹ́ kí àbúrò yìí máa sunkún owó náà nínú yàrá, lóun nìkan. Olè wo ló ń sunkún ẹ̀tàn níbi tí kò sí ẹni tó ń wò ó? Odindi orí méje ni mo dà nù.

Kì í ṣe gbogbo ìtàn ló le tó bẹ́ẹ̀. Ìtàn ọdẹ nínú igbó, irú èyí tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938, gba kéèyàn máa dárà lójú ọ̀nà: bí iwin kan bá lọ, òmíràn á yọjú. Ti olè kò gbà bẹ́ẹ̀, torí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn ló ń darí rẹ̀.

Nígbà tí mo tún un kọ, ojú ìwé kan péré ni ìlapa mi: ẹni tó jí owó, ìdí tó fi jí i, ẹni tó fura, irọ́ tí kálukú ń pa. Ní orí kẹta, àbúrò yìí ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ra àkàrà gbígbóná wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láràárọ̀. Mi ò gbèrò ìyẹn. Ṣùgbọ́n torí mo ti mọ̀ pé òun ni olè, mo mọ ohun tó ń gbé àkàrà náà wá fún, mo sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n máa jẹ ẹ́, kó máa dúpẹ́.