Irú náítírójìn tó wà nínú ajílẹ̀ ló ń sọ bóyá tòmátò máa so

Tòmátò inú gírínháòsì, ìyẹn ilé náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń gbin nǹkan sí, á ga dé òkè, ewé ẹ̀ á dúdú minimini, ẹ wo abẹ́ ewé, èso ò tó nǹkan. Irúgbìn làwọn èèyàn sábà máa ń dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ajílẹ̀ gan-an ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò. Tí náítírójìn bá ti pọ̀ jù, ewé ni igi máa gbájú mọ́. Àmọ́ kì í ṣe bó ṣe pọ̀ tó nìkan o, irú èyí tó jẹ́ náà ṣe pàtàkì.

Irú méjì ni gbòǹgbò ń fà jù, náítíréètì àti àmóníọ̀mù. Yùríà tó kún ọjà yìí, tí náítírójìn ẹ̀ jẹ́ 46%, àmóníọ̀mù ló máa kọ́kọ́ dà, kí àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú ilẹ̀ tó sọ ọ́ di náítíréètì. Nínú àpò kókópíìtì tuntun, ìyẹn èèpo àgbọn lílọ̀ tí wọ́n fi ń gbin nǹkan dípò ilẹ̀, àwọn kòkòrò yẹn ò tíì pọ̀, àmóníọ̀mù á kàn jókòó síbẹ̀.

Wàhálà ẹ̀ ni pé igi ò lè tọ́jú ẹ̀ pamọ́ bíi náítíréètì, bó ṣe ń wọlé ni gbòǹgbò gbọ́dọ̀ máa fi ṣúgà tó ti ọ̀dọ̀ ewé wá ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, ó sì nílò ọ́síjìn, ẹ wá wo oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ láàárín Fẹ́búárì sí Máàṣì tó ń ràn sórí náílọ́ọ̀nù, omi inú àpò á gbóná, ọ́síjìn á dín kù, ṣúgà á tán, gbòǹgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Àmóníọ̀mù tún ń bá kálísíọ̀mù du ọ̀nà àtiwọ gbòǹgbò. Kálísíọ̀mù ò sì kì í tètè dénú èso tẹ́lẹ̀, ewé ló máa ń bá omi lọ, tó bá wá dín kù, ìdí èso tòmátò àti tàtàṣé á dúdú, á rà. Oògùn làwọn kan ń fọ́n sí i, owó dànù ni, kì í ṣe àrùn.

Ìdí nìyẹn tí kálísíọ̀mù náítíréètì fi dáa tí òdòdó bá ti ń yọ: náítírójìn ẹ̀ tó 15.5%, kálísíọ̀mù ẹ̀ tó 19%. Kí pọ̀táṣíọ̀mù náà lọ sókè nígbà yẹn. Tí kálísíọ̀mù náítíréètì yìí bá ṣì ki, ẹ má pò ó mọ́ ajílẹ̀ tó ní fọ́sífétì tàbí sọ́fétì nínú kẹ́ẹ̀gì kan náà, á dì bí ẹfun, á dí ihò dírípù, ìyẹn rọ́bà tó ń kán omi sí ìdí igi.

Àmóníọ̀mù ò burú pátápátá ṣá. Tó bá jẹ́ náítíréètì nìkan, pH ìdí gbòǹgbò, ìyẹn ìwọ̀n tó ń sọ bí omi ṣe kan tó, á máa gòkè (kíkan ẹ̀ á dín kù), áyọ́nù, ìyẹn èròjà irin, á ṣòro fún igi láti fà, ewé tuntun á di yẹ́lò, àmóníọ̀mù díẹ̀ ló ń fa pH ọ̀hún wálẹ̀. Fún tòmátò inú àpò, kó má ju 10% gbogbo náítírójìn lọ. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù ní tiẹ̀, gáàsì àmóníà ló ń tú jáde, tí gírínháòsì bá wà ní títì pa, ewé ló máa jó.